Àdúrà Ìyá Zayd Lójú Gbogbo Ẹgbẹ́

Kò sí ẹni tó ń rí mi lára tó ẹni tó ṣe ohun tí kò dáa tán, tó tún ń béèrè pé kí lòun ṣe. Irú rẹ̀ ni Jíbrílù, ọmọ ẹ̀gbọ́n Alhaja Basheerah. Òun ló ṣe ìkànnì ayélujára fún ẹgbẹ́ Àsàlátù wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Alhaja ni ìyá ẹgbẹ́, èmi Afusat sì ni akọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìkànnì náà ṣe rí. Tí obìnrin ẹgbẹ́ bá fi orúkọ rẹ̀ wọlé lórí fóònù, ojú ewé kan ló máa ṣí fún un. Àwòrán mọ́ṣáláṣí wa ló wà lókè, ìkéde ọ̀sẹ̀ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni wáàsí tí Àáfà ṣe kẹ́yìn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni àpótí kan wà tí wọ́n kọ "Àdúrà" sí lórí. Ibẹ̀ ni kálukú ti ń kọ ohun tó fẹ́ kí Àáfà bá òun bẹ Ọlọ́run fún. Tẹ́lẹ̀, etí Àáfà la máa ń sọ ọ́ sí lẹ́yìn Àsàlátù, tí àwọn tó tò sẹ́yìn ẹni á sì na etí gbọọrọ bíi ti ehoro. Àpótí yìí ló gbà wá lọ́wọ́ wọn. O kọ tìẹ, o rí tìẹ, Àáfà nìkan ló ń rí ti gbogbo wa.

Ṣùgbọ́n ìkànnì náà ń fà. Tí gbogbo obìnrin bá ṣí i pọ̀ lówùúrọ̀, ṣe ló máa ń yí bírí bírí títí ọ̀fun á fi gbẹ. Àwọn àlejò kan láti ẹgbẹ́ Àsàlátù ní Ìjẹ̀bú sì ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n lè ṣe irú rẹ̀. Alhaja kò fẹ́ kí ojú ti òun. Ó ní kí Jíbrílù wá nǹkan ṣe sí i. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ọmọkùnrin náà kọ ọ́ sí Wọ́sáàpù ẹgbẹ́ pé iṣẹ́ ti parí, kí gbogbo ìyá wá wo bó ṣe ń sáré.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta aṣọ ibùsùn, mo ṣí i. Lóòótọ́, ó yára. Mo fi ìka fa ojú ewé náà dé ìsàlẹ̀. Àdúrà tèmi, tí mo kọ nítorí orúnkún mi, kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo bá nìyí: "Àáfà, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run nítorí Zayd ọmọ mi. Kò sí ní Sàúdí, ẹ̀wọ̀n ló wà. Kí Ọlọ́run yọ ọ́. Kí nìkáà Àbẹ̀ní sì kọjá kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé etí àwọn àna wa."

Ara mi bù máṣọ. Wọn kò kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ìyá Zayd? Mùtíátù tó ń ta jàlàbíà ni, ilé wọn wà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún wa pé Zayd ń ṣiṣẹ́ ní Jídà, ní Sàúdí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àbẹ̀ní, ló fẹ́ fẹ́ ọmọ Hàlímọ̀, Hàlímọ̀ sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan náà. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ìdílé ọkọ á wádìí títí kan egungun bàbá-bàbá ẹni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n lásán tó láti tú nìkáà ká.

Kí n tó gbé ojú sókè, fóònù mi dún. Sàdíátù ni, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé nínú ẹgbẹ́ wa.

"Afusat, ṣé o ti rí i? Sàúdí tí wọ́n ní ọmọ ọ̀hún wà! Mo ti ya á sí fóònù o, kí wọ́n má lọ yọ ọ́."

Ẹni tí ẹ̀fúùfù ṣí láṣọ, ẹ̀yin dúró ẹ ń ya á ní fọ́tò, ẹ kò sì tíì nu omi àlùwàlá Jímọ̀ kúrò lójú. Mo ní kó pa á rẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé òun ló rán ọmọ lọ sẹ́wọ̀n ni.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gba ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn ọjà lọ sílé Alhaja. Mo bá Jíbrílù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó ń jẹ gúgúrú. Alhaja jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Mo na fóònù sí Jíbrílù.

"Kí lo ṣe sí àpótí àdúrà?"

"Àǹtí Afusat, ẹ káàsán mà. Mo ti cache ẹ̀ ni. Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń fò?"

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọmọ ilé-kéú sọ̀rọ̀. Ó ní tẹ́lẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá wọlé ni ìkànnì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í to ojú ewé láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ló fi ń fà. Ní báyìí, òun ti gé ojú ewé sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé, wọ́n á to ègé kọ̀ọ̀kan fún un, wọ́n á sì fi í pamọ́. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn, èyí tó wà nípamọ́ ni wọ́n á gbé fún un.

Mo ní, "Ó yé mi. Bí ọbẹ̀ tí wọ́n sè sílẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n!"

"Ìkéde jẹ́ ti gbogbo wa, wáàsí jẹ́ ti gbogbo wa. Ṣé àdúrà tún jẹ́ ti gbogbo wa ni?"

Ó wò mí, kò tilẹ̀ yé e pé ìbínú ni mo fi ń béèrè. "Àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni? Ọjọ́ Àìkú tí mo bá ń fọ mọ́tò níta mọ́ṣáláṣí, mo máa ń gbọ́ yín. Àáfà á ṣe é lẹ́ẹ̀kan, gbogbo yín á ní àmín. Mo rò pé àdúrà kan náà ni."

Àmín tó ń gbọ́ láti ìta ló gbára lé. Kò bi obìnrin kan ṣoṣo léèrè ohun tí à ń kọ sínú àpótí yẹn. Ìyá Zayd ló kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn tí Jíbrílù parí iṣẹ́ rẹ̀, àdúrà tirẹ̀ ni wọ́n sì fi pamọ́, tí wọ́n wá ń bù fún gbogbo ayé.

Mo ní, "Yọ ọ́ kúrò nísinsìnyí."

"Ó máa tún máa fà o, mà. Kò rọrùn bí ẹ ṣe rò."

Mo yíjú sí Alhaja. Mo rò pé àgbà á sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ó rọra ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

"Afusat, mo ti rí i láàárọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ títí àwọn àlejò á fi lọ. Tá a bá sáré yọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ta ló ní kí ó máa parọ́ Sàúdí?"

Ó ti rí i láàárọ̀! Ó rí i, ó jẹun, ó kírun, ó gbé abẹ̀bẹ̀. Àwọn tí à ń kúnlẹ̀ kí nìyẹn. Mo ní bí wọn kò bá yọ ọ́, mo máa dìde níwájú àwọn ará Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ Àìkú, màá sọ ohun tí ìkànnì náà ṣe.

Alhaja pòṣé. "Jíbrílù, da èyí tó wà nípamọ́ nù, kí n lè sinmi."

Ọmọ náà tẹ nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà. "Ó ti tán, mà."

Alhaja gbé fóònù tirẹ̀ láti wò ó. Ó mi orí pé ó dáa. Èmi náà tún ṣí tèmi. Àdúrà Ìyá Zayd kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúnkún mi ni mo bá. Mo kà á sókè, n kò kọ́kọ́ mọ ohun tí mò ń kà: "Kí Ọlọ́run mú ìyàwó kékeré kúrò nílé Alhaji, kó má sì bímọ ọkùnrin níbẹ̀."

Abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Alhaja.

Ẹ̀yin náà rí i. Àpótí òfìfo ni Jíbrílù fi sílẹ̀, ó kàn ń dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ wọlé. Alhaja ló wọlé, tirẹ̀ ni wọ́n bá fi pamọ́.

"Yọ ọ́! Jíbrílù, yọ ọ́! Pa gbogbo rẹ̀! O fẹ́ pa mí ni?"

Àwọn àgbà ní bí iná bá ń jó ni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Jíbrílù da gúgúrú sílẹ̀. Ó kọ ìlà kan péré pé ègé àdúrà kò gbọdọ̀ sí lára ohun tí wọ́n ń pamọ́ fún gbogbo ayé, pé ẹni tó bá wọlé ni kí wọ́n to tirẹ̀ fún. Kí n tó nu òógùn ojú mi, orúnkún mi ti padà sínú àpótí. Ìkànnì kò sì fà. Ohun tó ní kò rọrùn nìyẹn. Mo fẹ́ tutọ́ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ilé onílé ni n kò fẹ́ bà jẹ́.

Alhaja fi ohùn jẹ́jẹ́ pè mí. "Afusat, ọ̀rọ̀ tìyàwó kékeré yẹn, àárín wa náà ni o."

Mo kọjá sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó.

Ìyá Zayd ń lọ aṣọ nìkáà Àbẹ̀ní, aláwọ̀ ewé, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀ láti rí mi. Ó ní, "Ìkànnì yín mà ti dáa o! Mo ṣí i láàárọ̀, mo tún ṣí i lọ́sàn-án, wéré ni. Àdúrà mi wà níbẹ̀ pérépéré."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nínú gbogbo ẹgbẹ́, òun nìkan ni kò lè mọ̀. Tirẹ̀ ni gbogbo wa ń rí, òun náà sì ń rí tirẹ̀. Kí ni ì bá fu ú lára? Mo jókòó, mo sọ ọ́ fún un láti orí dé ìdí. Ó yọ ìlọṣọ kúrò lórí aṣọ kó má baà jó. Kò sunkún, kò ṣépè.

"Hàlímọ̀ ń kọ́? Ṣé ó ti rí i?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, n kò mọ̀."

"Má sọ fún Àbẹ̀ní o."

Mo ní kó má wá lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní bí òun kò bá wá, wọ́n á ní òun sá.

Ó wá lóòótọ́. Ó wọ hìjáàbù funfun, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó. Bí ó ṣe wọlé, àwọn obìnrin panu mọ́, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Kíkí yẹn ni mo kórìíra jù. Ẹni tí kì í bá a sọ̀rọ̀ ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Àwọn àlejò jókòó síwájú, wọ́n ń yìn wá pé ìkànnì wa yára. Jíbrílù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lẹ́yìn wáàsí, ó kàn mí láti ka ìkéde. Àṣà wa ni pé nìkáà tó bá ń bọ̀, a ó kà á sétí ẹgbẹ́. Mo ka orúkọ Àbẹ̀ní, mo ka ti ọkọ rẹ̀, Ubaydullah ọmọ Hàlímọ̀. Sàdíátù kò jẹ́ kí n gbé ẹnu kúrò.

"Má-ṣá-Àláà! Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ń kọ́? Ṣé wọ́n á ti Sàúdí dé kí ọjọ́ náà tó pé?"

Àwọn kan fi hìjáàbù bo ẹnu. Èjìká wọn ń mì. Ìyá Zayd ń wo ẹní tó jókòó lé.

Hàlímọ̀ dìde. Obìnrin tí kì í pariwo ni, gbogbo ilé sì dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́.

"Kí a tó lọ tọrọ Àbẹ̀ní la ti ṣe ìwádìí wa. Mo mọ ibi tí Zayd wà. Ọkọ mi náà mọ̀. Wọ́n bá ẹrù olè ní ṣọ́ọ̀bù Zayd, Àbẹ̀ní kọ́ ló jí i. Ọkọ mi ní bí ọ̀rọ̀ náà kò bá ti dé ìta, òun á gbà, kí n bò ó. Mo bò ó. N kò sọ fún Mùtíátù pàápàá pé mo mọ̀, kí ojú má baà tì í." Ó mí kanlẹ̀. "Lánàá, ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ yìí fi fọ́tò àdúrà náà ránṣẹ́ sí ọkọ mi. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti rí i, gbogbo agboolé ti rí i. Ó ní òun kò lè gbé ojú sókè mọ́, kò sí nìkáà."

Ó yíjú sí Ìyá Zayd. "Mùtíátù, má bínú. Mo gbìyànjú."

Ó kó bàtà rẹ̀, ó jáde. Sàdíátù ń wo ìṣẹ́po hìjáàbù rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìdun níbẹ̀.

Alhaja Basheerah wo ojú àwọn àlejò, ó fọwọ́ gbọn eruku tí kò sí kúrò ní itan rẹ̀. "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe àdúrà fún wa, ká túká."

Àáfà náà la ọwọ́. Ó ní kí Ọlọ́run bo àṣírí gbogbo wa.

"Àmín!" ni wọ́n dá a lóhùn, ó mi òrùlé, ti Alhaja ló ròkè jù. Ẹnu mi kò ṣí. Mo wo Ìyá Zayd. Ó ti la ọwọ́ méjèèjì, òun náà ń ṣe àmín.