Òkúta Tí Ń Pe Dọ́fíìnì

Ọjọ́ kẹsàn-án rè é tí Nila kò fẹnu kan ẹja. A ti yà á sọ́tọ̀ sínú ọgbà àwọ̀n kékeré, nítorí àwọn dọ́fíìnì márùn-ún yòókù ti gbà láti jẹ òkú ẹja, a kò sì fẹ́ kí ó kó ìṣe rẹ̀ ràn wọ́n. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń yí po inú àwọ̀n, ọwọ́ òsì nìkan ni ó ń yí sí. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti jin kòtò. Bí dọ́fíìnì bá ti rù débẹ̀, ikú kò jìnnà sí i mọ́.

Èmi ni mo ń gé ẹja fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, Maesua, ni olórí àwa tí ń bọ́ wọn. Òun náà ni ó pè wọ́n wá. Ní ọjọ́ tí wọ́n wọ ẹnu ọ̀sà erékùṣù wa, òun ni ó jókòó sínú ọkọ̀ iwájú, tí ó ki apá bọ omi, tí ó ń kan òkúta méjì mọ́ ara wọn.

Nílé wa, a kì í sọ pé a lé dọ́fíìnì. Pípè ni à ń pè é. Àlùfáà á gbàdúrà sí òkúta náà kí ọkọ̀ tó ṣí. Ọkùnrin tí ó dì í mú kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni jà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, obìnrin kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láé. Láyé bàbá wa, ẹran àti eyín ni a ń pè wọ́n fún: ẹran fún jíjẹ, eyín fún ìdána. Ìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Darrow, òyìnbó tí ń ra dọ́fíìnì, dé ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn sí láàyè, kí ó lè kó wọn wá sí ọgbà rẹ̀ yìí, kí ó tó kó wọn lọ sí àwọn ibùdó ìwòran lókè òkun.

Inú àwọn àgbà kò dùn sí i. Wọ́n ní bí ọ̀kan bá kú lọ́wọ́ Maesua láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́, àwọn yóò gba òkúta bàbá wa lọ́wọ́ rẹ̀ fún Ramo, ọmọ àbúrò bàbá wa. Ọkọ̀ òfurufú ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Darrow sì ti sọ pé èyí tí kò bá jẹun kò ní bá a lọ, òun kò sì ní fi ènìyàn sílẹ̀ láti máa tọ́jú ẹyọ kan. Ọjọ́rú ni a wà.

Maesua kò lè jókòó. Ó fún Nila ní ẹja tútù, ó fún un ní ààyè ẹja, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu títí eyín fi ha á. Yóò rìn dé òpin afárá pákó tó yọ sínú omi, yóò padà, yóò tún lọ. Ramo, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, jókòó sórí pákó, ó ń jẹ bílínátì, èso tí ń pọ́n ẹnu bí obì, ó ń tu itọ́ pupa sómi.

"Maesua," ó ní, "ìwọ àti ìyàwó tuntun yìí, ta ni yóò kọ́kọ́ rù tán nínú yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi kọjá lára rẹ̀. Ó wọ inú ahéré, ó sì gbé àpò bàbá wa jáde. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo bi í bóyá ó yẹ.

"Ohun tó pè é nílé rẹ̀ kò ní ṣàì pè é sídìí oúnjẹ," ó ní. "Ẹnu lásán ni a ti ń fi pè é láti ọjọ́ yìí. Òun kò mọ ẹnu."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá létí. Ramo pàápàá mi orí pé ó rí bẹ́ẹ̀.

Igun kan ti tú lára àwọ̀n níhà òkun, mo sì ti wọ omi lọ so ó. Maesua kò dúró dè mí. Ó gbé ọkọ̀ sí ìhà ilẹ̀, ó gbé korobá ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ki apá bọ omi. Orí mi wà nísàlẹ̀ nígbà tí ó kan òkúta náà.

Mo ti ń gbọ́ ìró yẹn láti kékeré, láti etíkun: kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni tí ń fọ́ èso ngali eléèpo líle lẹ́yìnkùlé. Lábẹ́ omi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ó wọ inú eyín mi. Ó la agbárí mi já, ó sì tún padà wá kí n tó mọ ibi tó ti wá. Nila mọ ibẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ré èjìká mi kọjá, ó sì fi gbogbo ara kọlu àwọ̀n. Ẹnu rẹ̀ há sínú okùn. Èmi, Maesua àti Ramo la fi ọ̀bẹ gé okùn kúrò lẹ́nu rẹ̀, kí ó tó lè gbórí sókè mí. Ẹ̀jẹ̀ wà lómi. Ramo sáré lọ pe Darrow.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé òkúta náà kò pe ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n dákẹ́, pé kí ni obìnrin mọ̀ nípa òkúta.

"Ẹ dákun, Bọ̀dá, ta ni ó ti gbọ́ ìró rẹ̀ lábẹ́ omi rí nínú gbogbo yín?"

Inú ọkọ̀ ni bàbá wa máa ń wà. Inú ọkọ̀ ni gbogbo wọn máa ń wà.

Ó wa ọkọ̀ wa lọ sẹ́yìn àpáta, níbi tí ìró kò ti ní dé ọ̀dọ̀ Nila. Ó na òkúta méjèèjì sí mi. Mo rántí èèwọ̀. Òun náà rántí, kò sì fà wọ́n padà.

"Kàn án," ó ní, ó sì wọ omi.

Mo kàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Kí n tó kàn án lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ti yọ sókè, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ó di ọkọ̀ mú.

"Ogójì ọdún ni bàbá fi kàn án," ó ní.

A padà síbi ọgbà. Ó tú àwọ̀n ìhà òkun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nila kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ó gba ẹnu àyè náà kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń yí sí òsì bí ó ti ń ṣe. Mo ti ń rí Darrow àti Ramo lórí afárá. Maesua gba òkúta lọ́wọ́ mi, ó wa ọkọ̀ lọ sí ìhà ilẹ̀, ó sì kàn án lẹ́ẹ̀kan péré. Nila jáde. A rí ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lókèèrè, a kò tún rí i mọ́.

Darrow bèèrè ẹni tó ṣí àwọ̀n. Maesua ní òun ni. Darrow ní iṣẹ́ wa ti tán, a sì di ẹrù wa kí oòrùn tó wọ̀.

Nílé, ká ní ó sọ fún àwọn àgbà pé àwọ̀n ló já, wọn ì bá gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ fún wọn ni pé mo ti fọwọ́ kan òkúta. Kò sí ẹni tó tún bèèrè nípa Nila. Wọn kò gba òkúta náà mọ́, nítorí ọwọ́ obìnrin ti bà á jẹ́. Ramo mòòkùn, ó mú òkúta méjì mìíràn wá láti ìsàlẹ̀ omi. Kò pé oṣù kan tí ó fi pe dọ́fíìnì tó lé ní ogún wọ ẹnu ọ̀sà. Wọ́n pín ẹran kan ilé wa. Mo sè é, a sì jẹ ẹ́.

Òkúta bàbá wa wà lẹ́nu ọ̀nà. Òkúta tó dára ni, kò yẹ kí a jù ú nù, mo fi ń fọ́ ngali. Nígbàkígbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀, Maesua á dìde, á jáde, á máa yí ilé po títí n ó fi fọ́ èyí tó kẹ́yìn.