Páìpù Tó Ń Dán Nínú

"Kò sí omi tó lè sá mọ́ mi lọ́wọ́ ládùúgbò yìí! Bí ẹ̀kán kan bá jábọ́ lábẹ́ ilẹ̀, etí mi á gbọ́!"

Ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ omi ló ń fọ́nnu báyìí nínú yàrá ìyá ìyàwó rẹ̀. Omi-Ò-Lè-Sá ni ìnagijẹ rẹ̀. Òun ló fún ara rẹ̀. Nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀, ó ń pe ara rẹ̀.

Màmá ò gbójú sókè. Ó ń ki bíríkì sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó tún ti rì.

"Ọkọ mi, etí rẹ mà mú o. Bá mi gbọ́ eléyìí náà." Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Ilẹ̀ dáhùn bí agbè òfìfo.

"Màmá, ilé yìí ló ń darúgbó."

"Èmi tí mo ti darúgbó ńkọ́, ṣé mo ń rì ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Omi tó ń wọlé lókè àdúgbò lágbára bí àgbò; kó tó dé ìsàlẹ̀ níbí, ó ti rọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Nǹkan méjì ló lè fà á. Yálà inú páìpù ti dógùn-ún, tó rí gbágungbàgun, tó ń ha omi lára títí agbára rẹ̀ fi ń tán. Tàbí kẹ̀, omi ń jò. Bó bá ní ó ń jò, wọ́n á hú títì, wọ́n á sì bi í pé etí ọ̀hún dà. Ló bá di ẹ̀bi ru páìpù. Bí ìṣirò agbára omi tó ń ṣe ò bá dọ́gba, á fi gbágungbàgun díẹ̀ kún un; bí kò bá tíì dọ́gba, á tún bù sí i, bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Nígbà tó fi máa dọ́gba, lórí bébà, inú páìpù náà ti dà bí ẹ̀yìn ọ̀nì.

Ibẹ̀ ni pulọ́ńbà tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti wọlé, ó gbé àjákù páìpù léjìká.

"Ọ̀gá mi! A ti pààrọ̀ ibi tí ẹ ní ká pààrọ̀ níwájú ilé, a sì ti ṣí omi padà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n mú ògbólógbòó yìí relé? Ẹ wonú ẹ̀, ó ń dán bí ẹyin!"

Ẹnjiníà ki ìka bọ̀ ọ́. Ìka yọ̀ wọlé. Ó yí i, ó ki ìka bọ ẹnu kejì, bóyá ẹ̀yìn ọ̀nì sá síbẹ̀. Ó tún ń yọ̀. Bí páìpù ò bá ha omi lára rí, gbogbo agbára tó ti ń sọnù láti ọdún yìí wá, abẹ́ ilé ta ló ń lọ?

Ife orí tábìlì Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó dé etí tábìlì, ó dúró bí ẹni ń ronú, ó sì fò.

"Màmá, ẹ dìde!"

"Àbí o ti wá gbọ́ ọ?"

Ó gbé e pọ̀n, ó di eré. Pulọ́ńbà ti wà níwájú, kò sì ju páìpù sílẹ̀. Lẹ́yìn wọn, ilẹ̀ la ẹnu, ó gbé bẹ́ẹ̀dì mì tìbíríkì-tìbíríkì, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé oògùn mì. Nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀, omi ń sọ̀rọ̀.

Ará àdúgbò ya bò wọ́n. Ẹni tó ń káwọ́ lérí ń káwọ́ lérí, ẹni tó ń gbàdúrà ń gbàdúrà, pulọ́ńbà dì mọ́ páìpù rẹ̀, Ẹnjiníà sì ń ṣàlàyé ìṣirò fún gbogbo ayé.

Màmá nu eruku ojú rẹ̀ lórí ẹ̀yìn ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Omi yẹn ṣì ń ṣàn. Ẹ lọ tì í."