Òjóbó Ọlọ́wọ́ Òsì

"Asiata, wò ó dáadáa. Ṣé bí a ṣe ń di ẹrù nìyí?"

Alhaja Bàrákàt ju okùn ọ̀rá sórí tábìlì. Òun ló ni ìsọ̀ tí wọ́n ti ń di ẹrù bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Ọ̀fà. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá, èyí gan-an ló sì ń ba Bàbá Ràímì lẹ́rù. Ọ̀gá tó ń pariwo ṣì ń wá ẹni tí yóò bẹ òun. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ti pinnu.

Lánàá, ìdì èlùbọ́ kan tú lórí bọ́ọ̀sì, ó sì já bọ́ sójú títì nítòsí Ìjàgbò. Ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn yà fún un, ó kó sí gọ́tà, apá rẹ̀ ṣẹ́. Àwọn méjì péré ló ń di ẹrù ní ìsọ̀ náà: Asiata tó dé ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àti Bàbá Ràímì tó ti ń ta òjóbó láti ayé ìgbà tí rélùwéè ń kó ẹrù. Ta ni yóò fura sí àgbà?

Òjóbó Bàbá kì í tú. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń mì tó ni okùn ń fún mọ́ ẹrù tó. Ṣùgbọ́n kókó kékeré kan wà tí wọ́n ń ta sí ìdí okùn níkẹyìn. Bí kókó yẹn kò bá le, ìdí okùn á yọ́ jáde, gbogbo rẹ̀ á sì tú.

Bàbá mú okùn ìdì tó tú náà, ó yí i wò. Àpá ibi tó ti ká ṣì wà lára rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni Bàbá, òsì ni òjóbó rẹ̀ máa ń yí sí. Asiata kọjú sí i nígbà tó ń kọ́ ọ, nítorí náà ọ̀tún ni tirẹ̀ ń yí sí. Okùn yìí, òsì ló yí sí.

Ó gbójú sókè. Asiata ń wò ó. Ọmọ náà ti rí i.

Asiata kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Alhaja. Ọwọ́ mi ló yẹ̀."

Ojú ti Bàbá. Síbẹ̀ ó dá okùn náà padà sórí tábìlì. Alhaja ní kí Asiata kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ sílé, ó sì ní kí Bàbá bá òun di ìdì tó kù kíákíá, nítorí ọkọ̀ Jàmíù ti kún, ó sì ti ń tẹ fèrè.

Bàbá kó àpò mẹ́ta pọ̀, ó ta òjóbó, ó fà á, ó fún. Ó wá ku kókó ìdí okùn. Láti ìgbà ààwẹ̀ ni àtàǹpàkò òsì rẹ̀ ti kú, kò mọ nǹkan kan mọ́. Eyín tí ìbá fi fà á náà ti lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń fi ọwọ́ jẹun, báwo ni yóò ṣe sọ pé ọwọ́ òun ti kú? Ó fa kókó náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò le.

Wọ́n gbé ìdì náà sórí bọ́ọ̀sì. Jàmíù tan ọkọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, ọlọ́kadà kan tó gbé ọmọ iléèwé sẹ́yìn ń dúró kí bọ́ọ̀sì jáde kó lè tẹ̀ lé e.

"Jàmíù, pa ọkọ̀."

Jàmíù kò gbọ́. Bàbá lọ dúró níwájú bọ́ọ̀sì gan-an títí ọkọ̀ fi kú. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Alhaja.

"Èmi ni mo di ti àná. Àtàǹpàkò mi ti kú. Èyí tó wà lókè yìí náà kò le."

Alhaja wo ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ wà lọ́jà, Bàbá, orí ọmọ tuntun ń wọ́."

Wọ́n sọ ìdì náà kalẹ̀. Asiata gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ léjìká, ó tú okùn, ó tún un dì, ó sì fi eyín fa kókó ìdí rẹ̀. Bàbá fi gbogbo ara fa okùn náà wò. Ńṣe ló ń fún sí i.

"Ó le," ló wí.

Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi lé Asiata lọ́wọ́. Ó wá dé fìlà rẹ̀, ó jáde lọ bá àwọn ọlọ́kadà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ọ̀kan nínú wọn gbé òun lọ sọ́dọ̀ ẹni tí apá rẹ̀ ṣẹ́.