Èékánná Ìyàwó àti Òdòdó Màmá

Ìyàwó ò lè jókòó. Ó dìde lórí àga, ó lọ sójú fèrèsé, ó wo títì, ó padà wá wo òdòdó, ó tún gba ojú fèrèsé lọ. Ọkọ rẹ̀ ti lọ gbé Màmá ní ibùdókọ̀, wọn ò ní pẹ́ dé mọ́. Òdòdó tí Màmá fi lé e lọ́wọ́ kó tó rìnrìn àjò sì rèé, ewé rẹ̀ ti pọ́n, ó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ gbà mí o! Kí ni mo fẹ́ wí?"

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn, Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, kì í fi nǹkan kan lé e lọ́wọ́. Kò jẹ́ kó ro ọbẹ̀, kò jẹ́ kó ká aṣọ òun. Àfi òdòdó yìí. Ó fo ọkọ Ìyàwó tó jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀ dá, ó gbé òdòdó náà fún Ìyàwó: "Kí o tó bomi rin ín, ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ná."

Ṣùgbọ́n èékánná ni iṣẹ́ Ìyàwó. Ó ń gé e, ó ń kùn ún fún àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ tirẹ̀ sì ni oníbàárà ń kọ́kọ́ wò. Ta ló fẹ́ na ọwọ́ sí ẹni tí èékánná tirẹ̀ dúdú bíi ti ẹni tó hú iṣu? Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ló ń wọ̀ ní tirẹ̀. Á tẹ iyẹ̀pẹ̀, rọ́bà ò sọ nǹkan kan fún un. Òkè iyẹ̀pẹ̀ gbẹ lójú rẹ̀, ó da omi sí i. Ewé pọ́n, ó ní òùngbẹ ni, ó tún da omi sí i. Àṣejù, baba àṣetẹ́!

Ọkọ̀ kan ń bọ̀ lójú títì. Kì í ṣe tiwọn. Ló bá bọ́ ìbọ̀wọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù nù, ó ti ìka bọ inú ìkòkò òdòdó náà. Yéè! Omi kún ìsàlẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, ó ń rùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wa ẹrẹ̀ náà, bóyá á rí gbòǹgbò tó ṣì yè. Èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ kán, kò dúró. Gbogbo gbòǹgbò ló ń já lọ́wọ́ rẹ̀ bí òwú tó ti gbó.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

Màmá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀.

Ìyàwó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Mo ti pa á. Mi ò fẹ́ kí èékánná mi bàjẹ́, ìbọ̀wọ́ ni mo ń wọ̀, mi ò mọ̀ pé omi ti pọ̀ jù." Ẹkún ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú ń tì í gidigidi.

Màmá wo òdòdó, ó wo ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ náà, ó wo èékánná tó kán. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé ẹ̀ka kan ṣoṣo tó ṣì tutù.

"Ọmọ tí mo bí, òùngbẹ ló fi pa òdòdó méjì fún mi. Kò tiẹ̀ rántí pé wọ́n wà nílé. Ìwọ, omi lo fi pa ọ̀kan." Ó mí kanlẹ̀. "Dìde níbẹ̀, jàre. Lọ mú ìkòkò míì wá, ká jọ gbìn ín."