Ẹ̀wù Àwọn Ọmọ Ogun Abẹ́ Omi

Kí n tó sọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀wù ṣe dé ìlú Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà, ó yẹ kí n sọ bí ìlú náà ṣe wà tẹ́lẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ bí ilé ṣe dúró kò lè mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ọ̀nì ni ọba wọn. Ó ti darúgbó, eyín méjì péré ló kù lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jẹ́ sún mọ́ ọn láti kà á. Kọ̀ǹkọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ omi tí ó tóbi jù, ni balógun. Ohùn rẹ̀ ń dún dé òkè odò, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò rí i lójú ogun rí. Akàn ni aránṣọ, nítorí òun nìkan ni a bí tòun ti àlùmọ́gàjí lọ́wọ́. Àmọ́ kò sí ẹni tí ń wọ aṣọ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà nígbà náà, nítorí náà Akàn kò rí iṣẹ́ ṣe, ebi sì ń pa á.

Àwọn ẹyẹ òfú ni ọ̀tá wọn. Ẹnu òfú dà bí àpò, ẹja mẹ́wàá lè wọ inú rẹ̀ láì fara kan ara wọn. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ogún òfú wá tẹ̀dó sórí òjúoró kan tí ó léfòó létí ọ̀sà, wọ́n sì ń jẹ ará ìlú bó ṣe wù wọ́n. Ìlú pariwo. Kọ̀ǹkọ̀ náà pariwo, àní tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n Àkèré kan wà, abiyamọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́fà, wọ́n gba abẹ́ omi lọ ní ọ̀sán gangan, nígbà tí àwọn òfú ti yó tí wọ́n ń tòògbé. Wọ́n gé gbòǹgbò òjúoró náà láti ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì gbé e lọ. Nígbà tí àwọn òfú la ojú, àárín òkun ni wọ́n bá ara wọn, wọ́n wá ń bi ara wọn léèrè ẹni tí ó gbé ọ̀sà kúrò.

Ayọ̀ kún ìlú. Ọba pe ìgbìmọ̀ láti dá àwọn akọni méjèèje lọ́lá, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Akàn ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ìhòòhò ni àwọn akọni wa wà tí wọ́n fi lọ sójú ogun! Bí ọ̀tá bá ti rí wọn ńkọ́?"

Àkèré ní, "Ẹ̀yin àgbà, wọn kò rí wa. Torí pé wọn kò rí wa la ṣe ṣẹ́gun."

Akàn dáhùn pé, "Àbùkù kan ṣoṣo tó wà nínú iṣẹ́ yín náà nìyẹn. Ta ni yóò bẹ̀rù ọmọ ogun tí kò rí? Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀."

Ìgbìmọ̀ mi orí gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ létí. Ọba pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jagun fún Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà láì wọ ẹ̀wù ogun tí àmì ipò rẹ̀ wà lára rẹ̀. Kọ̀ǹkọ̀ fi kún un pé kí ẹ̀wù náà máa dán, kí a lè máa dá àwọn ọmọ ogun ìkọ̀kọ̀ mọ̀ láti òkèèrè.

Oṣù méjì kọjá, òjò dáwọ́ dúró. Òfú mẹ́fà mìíràn dé, wọ́n sì jókòó sí ẹnu Adágún Ọmọ, níbi tí àwọn àkèré máa ń yé ẹyin sí. Ẹrẹ̀ ti dí ẹnu adágún náà, omi inú rẹ̀ sì ń fà lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ Àkèré wà nínú rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ni, wọn kò tíì ní ẹsẹ̀ tí wọn yóò fi sá. Bí ẹnu adágún kò bá ṣí kí ọyẹ́ tó dé, gbogbo wọn ni yóò gbẹ mọ́ ẹrẹ̀. Àkèré sáré lọ sí ààfin, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ní ẹ̀wù kò tíì ṣe tán.

Kí ló dé tí kò tíì ṣe tán? Wọ́n ti fi oṣù méjèèjì jiyàn lórí àwọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan dámọ̀ràn àwọ̀ ewé, ìgbìmọ̀ sì bú u pé ṣé ó fẹ́ kí omi gbé àwọn akọni mì ni. Pupa ni wọ́n mú, pupa bí ata rodo. Ó wá ku ibi tí àmì ipò yóò wà. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé èjìká ni àmì ipò ń gbé. Akàn wọn Àkèré láti orí dé ìdí, ó sì padà wá jábọ̀ pé, "Kábíyèsí, mo wá a títí, n kò rí èjìká."

Kọ̀ǹkọ̀ bínú. "Ẹni tí kò ní èjìká, báwo ni yóò ṣe gbé ẹrù ìlú?" Bẹ́ẹ̀, òun alára kò ní.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ èjìká. Níkẹyìn, wọ́n ní kí wọ́n fi ìkarahun ìgbín méjì méjì ṣe èjìká fún ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì lẹ ìpẹ́ ẹja mọ́ ọn: ìpẹ́ kan fún ẹni kékeré, mẹ́ta fún ẹni ńlá, mọ́kànlá fún Kọ̀ǹkọ̀ tí kò ní í lọ. Ẹnì kan béèrè bí a ó ṣe ka ìpẹ́ nínú omi dúdú. Wọ́n ro ó, wọ́n sì fi òfin kún un pé bí ọmọ ogun méjì bá pàdé lábẹ́ omi, kí kálukú kígbe ipò rẹ̀. Ní ti ṣòkòtò, Akàn kì í rìn gbọọrọ, abẹ́rẹ́ rẹ̀ náà kò sì rìn gbọọrọ. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan náà.

Àkèré kúnlẹ̀ níwájú ọba. "Kábíyèsí, ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Àwọ̀ ara wa la fi ń mí lábẹ́ omi, bí ẹ bá fi aṣọ bò ó, ẹ ti fún wa lọ́rùn. Omi adágún kò ju àtẹ́lẹsẹ̀ òfú lọ mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ bí mo ṣe wà."

Ọba wò ó tàánútàánú. Ó ní, "Ìyá wa, ọmọ rẹ, ọmọ wa ni. Ṣé o wá fẹ́ kí ọmọ wa kọ́kọ́ rí ìyá rẹ̀ ní ìhòòhò?"

Ní ọjọ́ kẹwàá, gbogbo ìlú tò sétí omi láti sin àwọn ọmọ ogun ìkọ̀kọ̀. Kọ̀ǹkọ̀ kígbe orúkọ wọn àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà lọ. Oòrùn kọlu ìpẹ́ ẹja, ó ń kọ mànà. Wọ́n wọ omi, omi kún inú ìkarahun, aṣọ lẹ̀ mọ́ wọn lára, èémí sì ń há. Níbi tí ọ̀nà ti há láàárín gbòǹgbò, méjì pàdé ara wọn.

"Onípẹ́ kan rèé!"

"Onípẹ́ mẹ́ta rèé, yà fún mi!"

Àwọn òfú gbọ́. Wọ́n ti ń wo pupa tí ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, ìyàlẹ́nu ni kò jẹ́ kí wọ́n tètè jẹun. Mẹ́ta nínú àwọn akọni náà kò padà wálé. Ó ń dùn mí títí di òní tí mo bá rántí rẹ̀, nítorí àwọn mẹ́ta yìí wà nínú àwọn tí ó gé gbòǹgbò òjúoró tí òfú kankan kò sì gbọ́ ìró wọn.

Àkèré bọ́ ẹ̀wù náà sínú omi. Ara rẹ̀ tún mí. Ó gba àárín ẹsẹ̀ àwọn òfú kọjá, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹrẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì gbẹ́ ẹ títí omi fi já. Àwọn ọmọ náà ya jáde, bí i ẹ̀wà tí a dà sílẹ̀, wọ́n sì bá ìṣàn lọ sínú ọ̀sà.

Ẹ̀wù pupa náà léfòó. Ìgbì gbé e padà sí ìlú ṣáájú ẹni tí ó ni ín. Nígbà tí ìgbìmọ̀ rí i, wọ́n sunkún, wọ́n ní Àkèré ti kú ikú akọni. Wọ́n gbé ẹ̀wù náà kọ́ sórí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ ọba, wọ́n fi í jẹ Ọ̀gágun, wọ́n sì lẹ ìpẹ́ méjìlá mọ́ ọn. Kọ̀ǹkọ̀ tí ó ní mọ́kànlá ń kí i láràárọ̀, inú sì ń bí i.

Ní ọjọ́ kẹta, Àkèré wọlé tòun ti àwọn ọmọ rẹ̀.

Akàn dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ta nìyí?"

"Èmi ni, Àkèré. Mo ti ṣí adágún."

"Àkèré rèé lórí igi. Kí i."

Ó wo ẹ̀wù náà títí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ nígbà náà, kí ẹ lè dá mi mọ̀."

"Kí ìwọ wọ Ọ̀gágun? Ìpẹ́ méjìlá ló wà lára rẹ̀! Kí ni ipò tìrẹ?"

"N kò ní ipò."

Akàn yíjú sí ìgbìmọ̀. "Ẹ ṣáà ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

Ọyẹ́ dé, òfú márùndínlógójì sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kò fòyà. Wọ́n gbé Ọ̀gágun sórí pákó, wọ́n tì í lọ bá ọ̀tá pẹ̀lú àdúrà. Abo òfú kan tí ń mọ ìtẹ́ lọ́wọ́ rí aṣọ pupa tí ó ń bọ̀, ó rí i pé ó fẹ́lẹ́. Ó fi ẹnu gbé e, ó tẹ́ ẹ sínú ìtẹ́ rẹ̀, ó sì yé ẹyin lé e lórí.

Lọ́jọ́ náà, Kọ̀ǹkọ̀ kéde fún gbogbo ìlú pé, "Ọ̀gágun wa ti gba inú ìtẹ́ ọ̀tá!" Ìlú hó yèè. Ọba ya ẹnu, eyín méjèèjì hàn. Wọ́n jó wá sójú omi gbalasa, wọ́n ń jó lọ síbi tí àwọn òfú tò sí.

Àkèré kò bá wọn jó. Ó wà lábẹ́ òṣíbàtà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ tí ojú omi kò fi ní í mì.