Ìborùn Lórí Tẹlifíṣàn

Ohùn ọmọ ti ń kúrò létí Yẹ̀kínì. Ojú rẹ̀ kò lọ, nítorí fọ́tò wà lára ògiri. Ohùn ni kò rí ibi dì mú. Láti ìgbà tí Zulaykha, àkọ́bí rẹ̀, ti kú sí ìlú Róòmù níbi tó ti ń kàwé, bàbá náà a máa jókòó níwájú ilé ìkẹ́rùsí tó ń ṣọ́ ní Landover, ní Amẹ́ríkà, a máa wá bí ọmọ náà ṣe ń pe "Bàbá mi" kiri nínú orí ara rẹ̀, kò sì ní rí i. Ẹ̀sìn ní kí a má fi òkú pẹ́ nílẹ̀. Kí ìwé ìrìnnà bàbá náà tó jáde, wọ́n ti sin ín. Kò rí òkú, kò rí sàréè.

Hidayah, àbúrò olóògbé, ló gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wọlé. Ṣọ́ọ̀bù fídíò kan ní Laurel ló ti yá a: fíìmù tí àwọn ará Ítálì fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe, nípa ọkùnrin kan tó fi àpò bojú, tó ń fi ọ̀bẹ pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú fíìmù náà, Zulaykha wà lára àwọn tó pa. Ó ti sọ fún wọn rí lórí fóònù pé òun ṣeré nínú fíìmù kan. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìyókù.

"Kí làwọn oníwèé ìròyìn sọ nípa rẹ̀?" Yẹ̀kínì bèèrè.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Wọn ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá."

"Kà á."

Ó ṣí ìwé ìròyìn kan, ó kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ti lè mọ. Òǹkọ̀wé náà ní ẹ̀jẹ̀ inú fíìmù náà dà bíi tòmátò inú agolo, àwọn òkú ń mí, òun alára sì sùn lọ nígbà tí wọ́n ń pa èèyàn. "Ó wá ní ọmọbìnrin dúdú kan fẹ́ fún bàbá àgbà kan lómi, ló bá fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Ó ní bóyá bàtà ẹ̀ ló ń wá."



"Ó dáa tó rí i fi ṣẹ̀rín," ni Àdíját, ìyá wọn, wí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ẹ má tan nǹkan yẹn nínú ilé yìí. Mi ò ní jókòó wo ẹni tó ń dúńbú ọmọ mi."

"Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́, Ìyá Zulaykha."

Láti ìgbà ikú náà, àwọn ará mọ́ṣáláṣí ti ń pe obìnrin náà ní Ìyá Hidayah, wọ́n rò pé àánú ni. Nígbà tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ àtijọ́, ó bọ́ ìborùn èjìká rẹ̀, ó fi bo tẹlifíṣàn.

"Ẹ fetí gbọ́ ọ, nígbà náà. Ojú kankan ò gbọdọ̀ wò ó."

Wọ́n jókòó ti aṣọ náà. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀, wọ́n gbọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n gbọ́ ẹni tó ń ké.

"Òun ló ń bọ̀ yìí," ni Hidayah, tó ti wò ó tẹ́lẹ̀, wí.

Obìnrin kan sọ̀rọ̀. Yẹ̀kínì nà síwájú. Ohùn náà tín-ín-rín, ohùn òyìnbó, ó ń ti imú jáde.

"Ta nìyí?"

"Òun náà ni, Dádì." Hidayah tẹrí ba. "Wọ́n fi ohùn ẹlòmíì rọ́pò ti gbogbo wọn, kó lè jáde ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo rò pé ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀."

Yẹ̀kínì gbọ́wọ́ lérí. "Wọ́n sin ín kí n tó dé," ó ní. "Wọ́n ti kọ́kọ́ gba ohùn rẹ̀." Ó nawọ́ láti pa ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n Àdíját di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ dá a padà síbi omi yẹn." Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ìborùn kúrò.

Zulaykha gbé ife jáde. Ó ti rù. Ó dé ọ̀dọ̀ bàbá òyìnbó náà, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife fún un, ojú rẹ̀ wolẹ̀. Ètè rẹ̀ mì, ohùn òyìnbó náà sì ń sọ nǹkan mìíràn nípa tẹlifóònù.

"Pa ohùn yẹn," Àdíját sọ fún Hidayah. Wọ́n tún un wò nínú ìdákẹ́jẹ́. "'Ẹ gba omi, sà' ló ń sọ. Yorùbá ló sọ fún wọn."

Láyé ọjọ́un, ẹni tó bá pe ilé wọn lórí fóònù kì í mọ ìyá yàtọ̀ sí ọmọ. Yẹ̀kínì nìkan ló máa ń mọ̀.

"Bá mi sọ ọ́," ó ní.

Àdíját dúró de ètè ọmọ rẹ̀. "Ẹ gba omi, sà."

Ó jọ ọ́. Kì í ṣe òun. Lẹ́yìn ọmọ náà, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ọwọ́ kan àti ọ̀bẹ yọ. Yẹ̀kínì tètè tẹ ẹ̀rọ náà kí fíìmù máa yí padà sẹ́yìn, Zulaykha sì dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn padà tòun ti ife omi.

"Tún un sọ," ni Yẹ̀kínì wí.