Òkúta Orí Sàréè Ezriel

Ní erékùṣù Carriacou tiwa, òkú kì í sinmi tán àfi bí a bá gbé òkúta lé e lórí. Òkúta Ezriel ọkọ mi ti wà ní yàrá mi láti èṣín, mo ń bò ó láṣọ bí ọmọ tuntun. Ọjọ́ Sátidé la dá láti gbé e lọ sí ibi ìsìnkú etí òkun ní Tibeau, níbi tí omi ti wọ́ ọ̀pọ̀ òkú àtijọ́ lọ. Ẹ̀rù tó ń bà mí nìyẹn, kí omi má lọ wọ́ tèmi náà.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Lyndon ọmọ mi mú ṣọ́bìrì, ó ń wa iyanrìn tí a ó fi po sìmẹ́ńtì. Ìsàlẹ̀ sàréè bàbá rẹ̀ gan-an ló ti ń wà á. Bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ iṣẹ́.

Lystra, olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ nípa òkun, ń kọjá lọ.

"Bọ̀ọ̀dá Lyndon, ẹ dúró ná. Ṣé ẹ mọ ibi tí iyanrìn yẹn ti wá?"

"Ọlọ́run ló dà á síbẹ̀."

"Ẹja ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹja aláwọ̀ aró tó lẹ́nu bí odídẹrẹ́ yẹn, ó ń jẹ òkúta iyùn lábẹ́ omi, ó sì ń ṣu ú ní iyanrìn."

Lyndon ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. "Háà! Màmá, ṣé ìgbẹ́ ẹja lẹ fi kọ́ ilé tí ẹ bí mi sí?"

"Ilé náà ṣáà gbà ọ́. Jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀."

Lystra bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Lóòótọ́, àfọ́kù ìkarahun àti iyùn ni. Ó ní ó ń pẹ́ gan-an kó tó pọ̀ tó báyìí, a ò sì ní odò tó lè gbé òmíràn wá.

"Màmá, iyanrìn yìí ni ìgbì kọ́kọ́ ń bá jà. Tí a bá kó o tán, sàréè ló kàn."

Ògiri tó ń ṣọ́ Ezriel la ń wó, ká lè gbé òkúta rẹ̀ dúró!

"Lyndon, dà á padà."

"Màmá, ọ̀la ni àsè òkúta bàbá! A ti pa ewúrẹ́!"

"Ṣé ewúrẹ́ ló ní òun fẹ́ sìmẹ́ńtì? Dà á padà, jàre."

Láàárọ̀ Sátidé, mo ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jẹun kọ́kọ́ gun òkè lọ kó ohun tí a ó fi rọ́pò sìmẹ́ńtì. Wọ́n ru òkúta dúdú àti amọ̀ pupa sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń bú mi lábẹ́lẹ̀. Lyndon gbẹ́ ihò jíjìn síbi orí bàbá rẹ̀, a gbé òkúta sí i, a to ti òkè yí i ká, a fi amọ̀ dí i. Ó dúró gbọn-in, àmọ́ ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀.

Cosmas, àbúrò ọkọ mi, ní: "Ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń dúró nìyẹn tó bá ti mu ọtí rọ́ọ̀mù."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. A gbé oúnjẹ aláìníyọ̀ ti òkú kalẹ̀ fún un, kí àwa náà tó jẹ tiwa. Ìgbì kan wá, ó gun iyanrìn tí Lyndon dà padà díẹ̀, ó sì padà sẹ́yìn.